Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá dárúkọ tramadol, páàkì ni ọkàn gbogbo wa máa ń lọ. Ìwádìí tí àjọ NBS àti UNODC gbé jáde ní 2019 sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ọmọ Nàìjíríà ló lo irú oògùn ìrora báyìí lọ́dún kan láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó. Ṣùgbọ́n páàkì nìkan kọ́ ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Èyí tí aláìsàn gbà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí kò lò tán, lè di ti ọmọ ilé.

Ẹ wo iṣẹ́ abẹ etí. Ṣé dandan ni kí ẹni tí wọ́n ṣe é fún gbé tramadol délé? A ní rárá. Dókítà lè gún un ní abẹ́rẹ́ lẹ́yìn etí tí kò ní jẹ́ kí ojú abẹ mọ ìrora fún wákàtí díẹ̀. Bó bá délé, parasítámọ́ọ̀lù àti ibuprofen tó lò déédéé, kí ìrora tó gbérí, sábà máa ń tó o. (Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú tàbí àìsàn kíndìnrín gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó lo ibuprofen.) Tramadol ń fa òòyì àti èébì, bẹ́ẹ̀ abẹ etí fúnra rẹ̀ lè kọ́ni lóòyì.

Àwọn kan á ní kí ìjọba kúkú fòfin dè é pátápátá, bí wọ́n ti ṣe sí omi ikọ́ tó ní codeine ní 2018. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tí ìrora rẹ̀ ju agbára parasítámọ́ọ̀lù lọ ń bẹ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó rí èyí tó lágbára gbà, àmọ́ kó jẹ́ ìwọ̀nba, fún ọjọ́ díẹ̀.

Ibi tó kan àwa tí à ń kọ́ Yorùbá rèé. Bí wọ́n bá ní kí ìyá àgbà kan ní Ìkẹ́rẹ́ fi oókan dé ẹ̀wá díwọ̀n ìrora rẹ̀, ó lè máa wò wọ́n lójú. Ẹ bi í pé: “Ìyá, ṣé ó ń ro yín ni, àbí ó ń ta yín, àbí ó ń sọ yín?” Kíá ni yóò dáhùn. Ẹni tí a kò gbọ́ èdè ìrora rẹ̀, oògùn líle la ó fi pa á lẹ́nu mọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ ìlànà lílo oògùn wọ̀nyí ní Yorùbá tó yé ará ilé, ká gbé e lọ sí àwọn ọsibítù láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ẹmùré. Bí àwa kò bá ṣe é, ta ni yóò ṣe é?