Ìdọ̀tí nìkan kọ́ ló ń mú omi kún Upper Iweka

Sí Olóòtú,

Òǹkàwé yín tó ní àwọn ọlọ́jà tó ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà nìkan ló fa omi tó ń kún Upper Iweka, ní Onitsha, sọ ìdajì òótọ́. Kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn lórí ọ̀rá píọ́ wọ́tà. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ òjò á ti rí i: omi dúdú á mu èèyàn dé orúnkún, ike á léfòó, alábàárù á sì ti máa dúnàádúrà kó tó gbé ẹrù èrò sọdá.

Ṣùgbọ́n yanrìn ló wà lábẹ́ ọ̀rá yẹn. Ilẹ̀ púpọ̀ ní Anambra, ìpínlẹ̀ tí Onitsha wà, jẹ́ oníyanrìn tí kò lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀gbun tí àgbàrá gbẹ́ sí Nanka àti Agulu jẹ́rìí sí i. Nkpor, ìlú tó wà nítòsí, ga ju Onitsha lọ. Bí igbó ibẹ̀ ṣe ń di ilé àti títì, ilẹ̀ ò rí omi mu mọ́, àgbàrá á sì ru yanrìn wá sísàlẹ̀. Sakamori, ojú àgbàrá ńlá tó ń gbé omi lọ sí Odò Ọya, ń dí fún yanrìn bó ṣe ń dí fún ike.

Òjò fúnra rẹ̀ ti yàtọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì kan gbóná sí i, omi tó lè gbà sára á fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i, ọjọ́ tó bá sì tú u sílẹ̀, gbogbo ìlú ló máa mọ̀. Ìbàdàn mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn omíyalé odò Ògùnpa ọdún 1980, ìjọba kọ́ ojú odò náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò tó ju mílímítà 180 rọ̀, ó gbé afárá Àpẹ́tẹ̀ lọ, ó ya wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì pa èèyàn tó lé ní 100.

Àwọn mìíràn ní Lagdo ni. Òótọ́ ni pé omi ìdídò Kamẹrúùnù yẹn lè mú Bẹ́núé àti Ọya kún, àti pé omi bo Ogbaru, ní Anambra kan náà, ní 2022. Àmọ́ àgbàrá tó kún títì láàárín wákàtí kan kò wá láti Kamẹrúùnù, Nkpor ló ti ń bọ̀. Ohun tí Ọya tó kún lè ṣe ni kó dí ẹnu Sakamori. Òjò ọdún 2022 ọ̀hún pàápàá, àwọn onímọ̀ World Weather Attribution ṣírò pé ìyípadà ojú ọjọ́ mú kó túbọ̀ ṣeé ṣe.

Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò gbà fún un. Onílé tibí ni ìjọba tó gbẹ́ gọ́tà sílẹ̀ de òjò àtijọ́. Kí wọ́n wọn gọ́tà fún òjò òde òní, kí wọ́n gbẹ́ kòtò tí yanrìn á máa rọ̀ sí ní Nkpor, kí wọ́n sì kó yanrìn àti ike inú Sakamori kúrò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá ṣe ìyẹn tán, tí omi ṣì ń kún, kí wọ́n wá máa mú ọlọ́jà.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn