Ìjẹ́wọ́ kì í ṣe àfọ̀ṣẹ

Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Bí dátà yín bá ti ń tán lọ, ẹ kọ́kọ́ ra òmíràn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé fídíò kékeré kan síta. Ìyá àgbà mi ló wà níbẹ̀, wọ́n ń sọ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn ní Ifọ̀, ojú wọn ní dídì. Èmi rò pé ẹ máa sọ pé ohùn màmá dùn ni. Bọ̀dá kan wá kọ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Ẹ̀sìn òkú lèyí. Níbo ló wà nínú Bíbélì? Ẹ sọ fún màmá kí wọ́n kéde ohun tó máa yí ayé wọn padà." Àwọn tó tẹ láìkì sí ọ̀rọ̀ bọ̀dá yìí pọ̀ ju àwọn tó tẹ̀ ẹ́ sí fídíò gan-an lọ.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Mowe ni mò ń gbé. Ẹ mọ àdúgbò wa: Redemption City lápá ibí, Prayer City lápá ọ̀hún, àìmọye ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké láàárín méjèèjì. Ẹni tó bá ti há sójú títì Èkó sí Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ inú oṣù rí, kò nílò kí n ṣàlàyé. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ ni mo ti gba Jésù, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà òru. Ọmọ ilé ló ń sọ̀rọ̀.

Bọ̀dá, ẹ ní níbo ló wà nínú Bíbélì. Ẹ ṣí Diutarónómì 26. Àgbẹ̀ tó bá gbé àkọ́so oko rẹ̀ wá síwájú Ọlọ́run, kì í kàn gbé agbọ̀n kalẹ̀ kó máa lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí Òfin ní kó sọ: ibi tí bàbá rẹ̀ ti wá, bí wọ́n ṣe sọ wọ́n di ẹrú ní Íjíbítì, bí Ọlọ́run ṣe kó wọn jáde. Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu gbogbo wọn. Ẹ ṣí Kọ́ríńtì Kìíní 15. Pọ́ọ̀lù ní ohun tí wọ́n fi lé òun lọ́wọ́ ni òun náà fi lé wọn lọ́wọ́, ó wá tò ó: Kristi kú, wọ́n sin ín, ó jíǹde, àwọn èèyàn rí i. Kí Pọ́ọ̀lù tó kọ lẹ́tà yẹn ni wọ́n ti ń sọ ọ́ báyẹn.

Òótọ́ kan tún wà tí mi ò ní fi pa mọ́. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ní Sunday School, pé àwọn àpọ́sítélì méjìlá jókòó, kálukú mú gbólóhùn kan wá, ìtàn lásán ni. Ìbéèrè ìrìbọmi ni nǹkan yìí ti dàgbà. Ní Róòmù àtijọ́, ẹni tó fẹ́ ṣèrìbọmi máa dúró sínú omi, wọ́n á bi í: ṣé o gba Baba gbọ́? Ṣé o gba Ọmọ gbọ́? Ṣé o gba Ẹ̀mí Mímọ́ gbọ́? Bó bá ṣe ń dáhùn ni wọ́n ń rì í. Àwọn èèyàn yẹn, púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀wé, kò sì sẹ́ni tó ní Bíbélì lápò. Ohun tó wà nínú Ìwé Mímọ́ ni wọ́n dì ní ẹrù kékeré kí èèyàn lè gbé e lọ sílé. Ìyá àgbà mi náà ò mọ̀wé. Ẹrù yẹn ni wọ́n gbé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí gan-an ni "kéde" yẹn.

Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lágbára, wọ́n sì ní orúkọ fún un: àfọ̀ṣẹ. Ẹni tó ní àfọ̀ṣẹ, ohun tó bá ti sọ ló máa ṣẹ, torí náà kò gbọ́dọ̀ ṣì í sọ. Ẹ wá wo ohun tí à ń fi ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp láàárọ̀ Mọ́ńdè. Mo pàṣẹ fún owó kó wá mi rí. Mo kọ àìsàn. Ọdún yìí ò ní kọjá lórí mi lásán. Kí ni ìyàtọ̀? A kàn fi orúkọ Jésù dé e lórí ni.

Ìjẹ́wọ́ yàtọ̀ sí ìyẹn. Olè tó jẹ́wọ́ ní tẹ́ṣàn, ẹnu kọ́ ló fi jí nǹkan. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ló ń sọ. Róòmù 10 ní ká fi ẹnu jẹ́wọ́ Jésù ní Olúwa, ká sì gbà lọ́kàn pé Ọlọ́run jí i dìde. Ẹnu wa kọ́ ló jí i dìde. Bí gbogbo wa ní Mowe bá yadi lọ́la, ibojì yẹn ṣì ṣófo.

Ìdí nìyẹn tí Pílátù fi wà níbẹ̀. Ṣé ẹ ti rò ó rí? Yàtọ̀ sí Jésù, èèyàn méjì péré ni ìjẹ́wọ́ yẹn dárúkọ, Màríà àti Pílátù. Kò dárúkọ Pétérù. Kò dárúkọ G.O. kankan. Pílátù ni Róòmù fi ṣe gómìnà Jùdíà láti nǹkan bí ọdún 26 sí 36, wọ́n sì rí òkúta tí wọ́n gbẹ́ orúkọ ẹ̀ sí ní Kesaríà ní 1961. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìjọba ẹnì kan tó ní orúkọ, níbì kan tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀, la gbà gbọ́.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Ibafo. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n kọ èyí. Lọ́dún tó kọjá, oyún oṣù méje bọ́ lára ẹ̀. Ẹni tó ń darí àwùjọ àdúrà wọn wá kí i, ó jókòó, ó mu omi, ó wá sọ fún un pé ẹnu ẹ̀ ló fà á. Pé ṣebí ó ti sọ ọ́ ní ìpàdé pé ẹ̀rù ń ba òun. Pé ó ti fi ẹnu ara ẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ mi ò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kì í tiẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́, torí kò mọ èyí tó tún máa pa nǹkan.

Mo rọ̀ ọ́ títí ó fi tẹ̀ lé mi lọ ìkórè ìyá àgbà mi. Nígbà tí wọ́n dìde láti sọ ìjẹ́wọ́, òun náà bẹ̀rẹ̀, torí ó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Níbi ìyà, ikú àti ìsìnkú, ohùn ẹ̀ dákẹ́. Mi ò béèrè nǹkan kan. A ti dé Sàngó, à ń dúró de ọkọ̀, kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Wọ́n sin òun náà." Mo ní ta? Ó ní, "Jésù. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Kò kàn sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi nígbà yẹn."

Mo mọ̀ pé ẹ máa mú Máàkù 11 wá, òkè tí a máa ní kó ṣí lọ sínú òkun. Ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ ka ìwé náà dé orí 14. Ẹni tó sọ̀rọ̀ òkè yẹn ló wà ní Gẹtisémánì, ìbẹ̀rù mú un, ọkàn ẹ̀ bàjẹ́, ó bẹ Baba pé kí ife yẹn ré òun kọjá. Kò ré e kọjá. Ta ló fẹ́ lọ jókòó síwájú ẹ̀ kó sọ fún un pé ẹnu ẹ̀ ló fà á?

Ẹ tún pe ìjẹ́wọ́ yìí ní nǹkan òyìnbó. Ní 1821 wọ́n kó ọmọdékùnrin kan lẹ́rú ní Òṣogùn. Àjàyí ni. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dénú ọkọ̀ ẹrú, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀ ní 1822, tí wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown. Ó ṣèrìbọmi ní December 1825. Nínú ètò ìrìbọmi Áńgílíkà, ìjẹ́wọ́ yìí gan-an ni wọ́n fi ń bi èèyàn ní ìbéèrè. Ẹni tí wọ́n ti dá iye lé bí ewúrẹ́ ló dúró tó ní òun gba Ọlọ́run Olódùmarè gbọ́. Òun ló wá túmọ̀ ìwé àdúrà yẹn sí Yorùbá, òun náà ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá tó parí ní 1884. Bọ̀dá, Bíbélì tí ẹ ní kí n wá a sí, ọwọ́ ẹni tó fún wa ní ìjẹ́wọ́ la ti gbà á.

Ẹ̀yin Áńgílíkà tẹ́ ẹ ti ń pàtẹ́wọ́, ẹ rọra. Mo wo àwọn kan yín lọ́jọ́ ìkórè yẹn: ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń ka méjì lọ́nà méjì, ọwọ́ kan ń fi abẹ̀bẹ̀, ọwọ́ kejì wà lórí fóònù. Ẹ ní ó ń bọ̀ wá dá alààyè àti òkú lẹ́jọ́, ẹ wá ta pulọ́ọ̀tì kan fún èèyàn mẹ́ta nílẹ̀ Mowe yìí. Ẹ gba ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, ẹ ò sì kí àbúrò yín láti ọjọ́ tí bàbá ti kú. Ẹ mọ ara yín.

Ó ku ti màmá. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá àgbà mi ti sin, ọ̀kan nínú wọn ni bàbá mi. Bí wọ́n bá dé ibi àjíǹde ara, ohùn wọn máa ń ga sókè ju ti gbogbo ìjọ lọ. Ẹ padà lọ wo fídíò yẹn, ẹ máa gbọ́ ọ. Bọ̀dá, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n kéde tó ju ìyẹn lọ?

Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí bóyá ẹ ti níyàwó. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé aago mẹ́sàn-án ni ìsìn wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á fi ìrẹsì pa mọ́ dè yín.