Yìnyín Greenland àti pulọ́ọ̀tì tí ẹgbẹ́ fẹ́ rà ní Lekki

A kì í sábàá kọ nǹkan gígùn síbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ fẹ́ dáwó rà ní apá Lekki kò jẹ́ ká dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú wa.

Lọ́jọ́ ìpàdé, a béèrè pé báwo ni ilẹ̀ náà ṣe ga ju òkun lọ sí. Ẹnì kan dìde, ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé láti 1993, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 péré ni òkun fi gòkè, pé kò tó gígùn ìka ọwọ́ méjì, kí là ń bẹ̀rù? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a délé ni kò jẹ́ ká sùn mọ́. Iye yẹn kì í ṣe irọ́ o, ṣùgbọ́n gbogbo òkun ayé ni wọ́n kó pọ̀ tí wọ́n pín in dọ́gba. Òkun fúnra rẹ̀ kì í pín nǹkan dọ́gba.

Ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ ní Zaria ló là á yé wa, ó sì tó ọjọ́ mẹ́ta kó tó wọ̀ wá lórí. Gbogbo ohun tó bá wúwo ló ń fa nǹkan mọ́ra. Agbára òòfà nìyẹn, òun náà ló ń mú kí máńgòrò já bọ́ sílẹ̀. Yìnyín tó bo Greenland nípọn ju kìlómítà 3 lọ láwọn ibì kan. Ó wúwo débi pé ó fa omi òkun mọ́ra, omi sì ga yí i ká.

Ẹ wo ọ̀gá olówó ńlá kan nínú ọjà wa. Èrò máa ń kún iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà á máa rí oníbàárà jẹ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá kó ẹrù rẹ̀ kúrò, iwájú ibẹ̀ á dá, èrò á sì fọ́n lọ sí ìpẹ̀kun ọjà. Bí yìnyín ṣe ń ṣe nìyẹn. Tó bá ń yọ́, omi rẹ̀ ń wọ òkun, ìyẹn kan. Èkejì ni pé òòfà rẹ̀ ń dín kù, omi tó ti fà mọ́ra tẹ́lẹ̀ á máa padà lọ síbi tó jìnnà. Nítorí náà, nítòsí Greenland, títí dé nǹkan bíi kìlómítà 2,000, ńṣe ni òkun máa lọ sílẹ̀! Àwa tí a jìnnà la máa gba ìpín tiwa, tí a tún máa gba lára èyí tó kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ wá wo máàpù. Etíkun wa jìnnà sí Greenland, ó tún jìnnà sí Antarctica nísàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún. Èyíkéyìí nínú méjèèjì tó bá yọ́, Èkó àti Ìlàjẹ á gbà ju ìpín dọ́gba lọ. Ẹni tó bá ń fi iye ti gbogbo ayé ṣírò ilẹ̀ Lekki, òṣùwọ̀n ọlọ́jà mìíràn ló fi ń wọn ọjà tiẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Robert Woodward, ará Amẹ́ríkà, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1888. Ní 1976, Farrell àti Clark gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n ṣì fi ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà dòní. Ní 2001, Jerry Mitrovica àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àpẹẹrẹ tí yìnyín Greenland ń fi sílẹ̀ lójú òkun yàtọ̀ sí ti Antarctica, bí ìka ọwọ́ ẹnì kan ṣe yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn yìnyín? Ní oṣù kẹta 2002, Amẹ́ríkà àti Jámánì gbé sátẹ́láìtì méjì sókè, GRACE lorúkọ wọn. Ìkan ń tẹ̀ lé ìkejì, nǹkan bíi kìlómítà 220 ló wà láàárín wọn. Tí ti iwájú bá fẹ́ dé ibi tó wúwo, ibẹ̀ á fà á síwájú díẹ̀, àlàfo wọn á yí padà. Ìyípadà tó kéré ju fífẹ̀ irun orí lọ, wọ́n ń rí i. Wọ́n ṣiṣẹ́ títí di 2017, àwọn ìbejì mìíràn sì gba iṣẹ́ náà ní 2018. Òṣùwọ̀n yìí ló jẹ́ ká mọ̀ pé Greenland ń pàdánù ju bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 250 lọ lọ́dọọdún, tí Antarctica ń pàdánù ju bílíọ̀nù 100 lọ. (Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì kò kan Kano o. Ibí yìí ni NASA ní ibùdó kan sí nígbà tí John Glenn yí ayé ká ní 1962, ó sì bá ibẹ̀ sọ̀rọ̀ láti òkè.)

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí àwa oní-fọ́ọ̀mù tètè mọ̀. Tẹ́ ẹ bá kó àpò ìrẹsì lé fọ́ọ̀mù, á rì. Tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò, á máa wú padà díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, yìnyín tẹ ilẹ̀ Sweden mọ́lẹ̀. Ó ti yọ́ láti bí ẹgbàárùn-ún ọdún, síbẹ̀ ilẹ̀ wọn ṣì ń gòkè, ní ibi tó pọ̀ jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 1 lọ́dún. Ilẹ̀ tó ń wú yìí náà ní ìwọ̀n, sátẹ́láìtì sì ń wọ̀n ọ́n pọ̀ mọ́ yìnyín. Àfi kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, bí a ṣe ń yọ ìwọ̀n abọ́ kúrò lára ẹ̀wà. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn jù, pàápàá lórí Antarctica.

A kò ní purọ́ fún yín pé yìnyín nìkan ló ń da Èkó láàmú. Wọ́n dí gọ́tà, wọ́n ń wa yanrìn, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń rì láwọn ibì kan. Gbogbo yìnyín Greenland kò sì ní yọ́ lójú àwa tàbí ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ìlàjẹ tó wà láàárín wa ohun tí òkun ti fi Ayétòrò ṣe, ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947. Ní oṣù kẹjọ 2012, òkun ya wọ Kuramo lóru, ó gbé èèyàn lọ.

Àwa náà ti jìyà ẹ̀. Ní 2019, a san owó ìdúró lórí pulọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn Ajah. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ẹ́jẹ́ǹtì mú wa lọ, ilẹ̀ gbẹ bíi ti Kano. Nígbà tí a padà lọ ní oṣù keje, omi dé orúnkún wa. Ó ní òjò lásán ni. Di òní, ìdajì owó náà kò tíì padà. Ní Sábó níbí, owó là ń fi ra omi lọ́wọ́ mái rúwà, a wá lọ fi owó ra omi ní Èkó pẹ̀lú!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Kano ga tó nǹkan bíi mítà 480, pé kí ló kàn wá, Àpápá ni ẹrù wa ń gbà wọlé. Àwọn ọmọ wa wà ní Èkó. Owó tí ẹgbẹ́ kó jọ yìí sì ní owó ìyá alátà nínú, tó ń dá ẹgbẹ̀rún méjì-méjì lọ́sẹ̀ kó lè rí ibi forí pamọ́ sí lọ́jọ́ alẹ́.

Ohun tí a fẹ́ gbé wá sí ìpàdé Sunday nìyí: kí ẹgbẹ́ gba sọ̀fíyọ̀ tiwa, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, kó wọn gíga ilẹ̀ náà sí òkun, kó sì lọ ní oṣù keje. Àwa á san ìdá mẹ́rin owó iṣẹ́ rẹ̀ lápò ara wa. Tó bá jẹ́ mítà kan tàbí méjì ló bá níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo apá òkè Ìkòròdú tàbí Ṣàgámù. Tí ẹni tó ń tà bá sì kọ̀ pé sọ̀fíyọ̀ wa kò gbọdọ̀ dé ilẹ̀ òun, kí akápò má san kọ́bọ̀.