Pé Kò Tiro Mọ́ Kò Túmọ̀ Sí Pé Ó Ti Sàn

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti jáde kọ̀wé sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn rí fídíò Málọmọ́, ẹṣin kúkúrú tí à ń tọ́jú, pé ó ń rìn dáadáa, kò tiro. Wọ́n wá béèrè ohun tó dé tí a kò tíì dá a padà fún ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, nígbà tí Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí onítọ̀hún sì fẹ́ máa fi gbé àwọn ọmọdé ya fọ́tò. Àwọn kan láàárín wa náà ti ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí wa, a kò gbà.

Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá láti etíkun Èkó. Ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ ló ní ká gbé e lọ, pé òun kò fẹ́ kó kú síbi iṣẹ́ òun. Pátákò ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ti gùn, ẹnu rẹ̀ ti ká sókè bíi bàtà àwọn ọba Lárúbáwá inú fíìmù. Ṣe ló ń fara ti ẹ̀yìn, tó na ẹsẹ̀ iwájú síwájú, kí ìwúwo rẹ̀ má baà dé ibẹ̀. Pátákò náà gbóná, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ń lù kìkì lókè rẹ̀. Laminitis ni. Àgbàdo àti èèrí ni wọ́n ń rọ́ fún un kó lè lágbára, wọ́n sì ń sá a lórí ọ̀dà lójoojúmọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò ka ìṣègùn ẹran: egungun kan wà nínú pátákò, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín ló so ó mọ́ ògiri pátákò. Bí fọ́nrán wọ̀nyẹn bá wú tí wọ́n sì ya, ìwúwo ẹṣin á máa ti egungun náà sísàlẹ̀, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ á sì máa fà á, títí ṣóńṣó rẹ̀ á fi dojú kọ àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ rò ó wò: èékánná yín ṣí kúrò lára ẹran, wọ́n sì ní kẹ́ ẹ máa fi ìka yẹn rìn.

Gígé kọ́ la kọ́kọ́ ṣe. Ìrora la kọ́kọ́ dojú kọ. A wọn ìwúwo rẹ̀, a fún un ní phenylbutazone ní ìwọ̀n tó tọ́, torí àṣejù rẹ̀ máa ń ba inú àti kíndìnrín jẹ́. A da èérún pákó jìnnà sílẹ̀ fún un, a gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì, a fi téèpù wé e mọ́ abẹ́ pátákò. Àwọn kan ní oògùn yẹn ni kò dára, pé ìrora ló yẹ kó dá ẹṣin dúró kó má baà sáré. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi há a mọ́ àyè kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ kan ẹṣin tí ẹsẹ̀ kejì ń ro gógó. Kò ní dúró. Láìsí oògùn, kò sí gígé rárá.

Bàbá tó wá gé e fẹ́ gé gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó lè rẹwà. A bẹ̀ wọ́n, a fi ẹ́síréè hàn wọ́n. Bí gìgísẹ̀ bá wálẹ̀ lójijì, iṣan ẹ̀yìn á túbọ̀ fa egungun náà. Nítorí náà, a ń fá iwájú sẹ́yìn, a ń dín gìgísẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ tí a ya fídíò yẹn, oògùn ṣì wà lára rẹ̀. Pátákò ẹṣin kì í hù ju nǹkan bí mìlímítà 6 sí 10 lọ lóṣù kan. Kó tó hù láti òkè dé ẹnu, oṣù 9 sí 12 ni. Ti Málọmọ́ tó dára kò tíì ju ìdajì lọ. Ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ èyí tó ti ya. Ẹ gbé ọmọdé mẹ́wàá lé e lọ́jọ́ Iléyá, lórí ọ̀dà, kẹ́ ẹ wá wò ó lọ́jọ́ kẹta.

A kò bá ẹlẹ́ṣin jà o. Àwa náà máa ń lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, a sì máa ń pariwo bí àwọn ìdílé Balógun bá ń gun ẹṣin kọjá. Ṣùgbọ́n aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹṣin ni gbogbo wa ń yà. Ta ló ń wo pátákò?

Wọ́n tún ní owó ń ṣòfò. ₦500 tí oníkálukú wa ń dá lọ́sẹ̀ ni, a sì mọ̀ pé àwọn kan ti dáwọ́ dúró torí ọjà gbówó lórí. A kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó ní ká tà á fún ẹlẹ́ran ni a bínú sí: ẹran tó ti gba phenylbutazone kò yẹ lẹ́nu èèyàn.

Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ní òun ń bọ̀ ní Sátidé. A óò fún un ní àga, a óò fi ẹ́síréè méjèèjì hàn án, ti ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ti oṣù yìí, a óò sì sọ fún un pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ráyè, ẹ wá. Aago méje àárọ̀ la fẹ́ gé pátákò, a sì ń wá ẹni tí yóò bá wa di okùn mú.