Ẹ Má Di Gbogbo Ìpayínkeke Ru Aràn

 

Ọ̀rọ̀ òru ni mo gbé wá lónìí. Ọmọ sùn, ilé dákẹ́, ni ẹ bá ń gbọ́ ìró lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń rún òkúta. Ó ń payín keke. Ohun tí a máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé aràn ló wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní àwọn ayé ló ń bá a jẹun lójú oorun. Wọ́n á ra oògùn aràn, wọ́n á se àgbo, wọ́n á gbé e lọ fún àdúrà.

Oògùn aràn dára fún aràn, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ṣáà sọ bí ẹ ó ṣe lò ó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá lò ó tí eyín kò dákẹ́, ẹ má sáré lọ ra òmíràn. Ẹ wo inú ilé. Lójú tèmi, a ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ jù, a ń pa làpálàpá.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń payín keke ni ìbànújẹ́ ń bá jà o. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ló ń ṣe é, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń fi sílẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà. Ó lè wà nínú ìdílé. Ọmọ tí imú rẹ̀ dí, tó ń hanrun, lè máa ṣe é. Ní ti àgbàlagbà, ọtí, sìgá, kọfí àti obì tí a jẹ lálẹ́ lè dá kún un, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn òyìnbó kan. Ṣùgbọ́n àníyàn àti ìpayà wà lára ohun tí àwọn dókítà mọ̀ mọ́ ọn jù, òun gan-an ni àwa kì í béèrè.

Báwo ni ẹ̀rù ṣe ń dé inú eyín? Bí nǹkan bá dẹ́rù bani, àyà á máa lù kìkì, iṣan ara á le, àgbọ̀n á dì pọ̀. Bí ewu bá kọjá, ara á dẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbé nínú ìbẹ̀rù lójoojúmọ́, ara rẹ̀ kì í dẹ̀ tán. Ó ń sùn bí ẹni tó ń ṣọ́ oko àgbàdo: ojú dì, etí ṣí sílẹ̀. Ọpọlọ á máa ta jí díẹ̀díẹ̀, ọkàn á sáré, iṣan àgbọ̀n á fún pọ̀, eyín á máa ha eyín.

Ẹ̀rù wo ni ọmọdé ní? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìyá àti bàbá tó ń jà lóru. Ọmọ tí wọ́n mú láti abúlé wá gbé lọ́dọ̀ ẹbí, tó ń kiri ọjà kó tó lọ sílé ìwé, tó jẹ́ pé ẹgba ni wọ́n fi ń jí i. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú, tí wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Ọmọbìnrin tí ẹnìkan ń fọwọ́ kàn nínú ilé, tí kò rí ẹni sọ fún. Ìwádìí tí Àjọ Ìkànìyàn Nàìjíríà ṣe pẹ̀lú UNICEF lọ́dún 2014 fi hàn pé nínú ọmọ 10, bíi 6 ló ti rí ìwà ipá kí wọ́n tó pé ọdún 18.

Ẹ̀yin ará Akínyẹlé kò tíì gbàgbé ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ń pa obìnrin àti ọmọdé. Ìbàdàn kò sì tíì gbàgbé ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, tí ọmọ 35 kú níbi tí èrò ti tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní Islamic High School, Baṣọ̀run. A sunkún àwọn tó lọ. Àwọn ọmọ tó yè, tí wọ́n fojú ara wọn rí i, ta ló bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn?

Ẹnìkan á ní, "Àwa náà jẹ ẹgba, a ò kú." Lóòótọ́, ẹ ò kú. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Bí ẹ bá ń jí pẹ̀lú orí fífọ́ lẹ́bàá ẹ̀bátí, tí àgbọ̀n ń ro yín láàárọ̀, tí omi tútù ń ta eyín, tí eyín ń jẹ kúrú tàbí tó ń là láìjẹ eegun, ẹ wo ẹ̀yìn. Ní California, ní Amẹ́ríkà, láàrin 1995 sí 1997, wọ́n bi àgbàlagbà tó lé ní 17,000 léèrè ohun tí ojú wọn rí ní kékeré. Bí ìyà ìgbà èwe bá ṣe pọ̀ tó ni àìsàn ìgbà àgbà ṣe ń pọ̀ tó: àrùn ọkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì, ọtí àmujù. Ara kì í gbàgbé bí ẹnu ṣe ń gbàgbé.

Kí ni ká ṣe? Ẹ má na ọmọ nítorí ó ń payín keke, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jókòó tì í kó tó sùn, ẹ béèrè pé, "Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?" Kí ẹ sì gbọ́ ọ tán. Bí ó bá dárúkọ ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́, ẹ má bò ó nítorí orúkọ ẹbí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti wà láti 2006.

Bí eyín bá ń jẹ, ẹ lọ rí dókítà eyín, ẹ má kàn yọ eyín. Wọ́n lè ṣe ìbòrí oníke tí a ń fi sẹ́nu sùn. Ó ń gba eyín là, kì í mú àníyàn lọ. Lọ́sàn-án, bí ẹ ò bá jẹun, ètè lè pàdé, ṣùgbọ́n eyín òkè kò yẹ kó kan ti ìsàlẹ̀.

Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lambo ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ gbé láàrin ará abúlé lẹ́bàá Àrò, ní Abẹ́òkúta, pẹ̀lú ẹbí tó tẹ̀ lé wọn. Ó mọ̀ pé ènìyàn wà lára oògùn ènìyàn. Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: bí ẹ bá parí ọ̀rọ̀ èsúsú níbi ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ fi ìwọ̀nba àkókò sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa àti oorun wọn, pàápàá ọmọ tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bí i.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ yòókù. Ilé yóò tù wá o.