Edé odò tiwa ló yẹ ká máa sìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja àrọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò lè ṣàjèjì sí yín. Ẹ mọ̀ pé abo àrọ̀ kì í dédé yé ẹyin nínú adágún tá a gbẹ́. Abẹ́rẹ́ họ́mónù la fi ń gún un, ìyẹn oje ara tó ń sọ fún un pé àsìkò tó. Àwọn mìíràn á la orí akọ, wọ́n á yọ kókó kékeré tó wà lábẹ́ ọpọlọ rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi gún abo. Ọpẹ́lọpẹ́ ìmọ̀ yìí ni àrọ̀ fi pọ̀ lọ́jà.

Kí ló wá dé tá ò ṣe irú ẹ̀ fún edé odò, àwọn ńlá ọlọ́wọ́ gígùn tí wọ́n ń pa nínú ọ̀sà Lẹ́kí?

Edé kò nílò abẹ́rẹ́ kó tó yé. Abẹ́ ìrù ni ìyá rẹ̀ ń kó ẹyin sí kiri. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ rẹ̀ kò lè yè nínú omi odò lásán, omi tó ní iyọ̀ díẹ̀ ló ń fẹ́. Shao-Wen Ling ló tú àṣírí yìí ní Penang, nílẹ̀ Màléṣíà, ní 1961. Látìgbà náà ni sísin edé ti di òwò ńlá ní Éṣíà.

Wàhálà kejì ni ti akọ àti abo. Akọ ló máa ń tóbi, abo á kó oúnjẹ tó jẹ sínú ẹyin. Ẹni tó ń fowó ra oúnjẹ ẹja mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Akọ edé ní kókó kan lẹ́bàá ibi tí àtọ̀ ń gbà jáde, họ́mónù inú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di akọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Amir Sagi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ben-Gurion, ní Ísírẹ́lì, rí jíìnì tó ń pàṣẹ fún họ́mónù yìí. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa á lẹ́nu mọ́ nígbà tí edé ṣì kéré, akọ sì di abo tó ń yé ẹyin. Ní 2012 ni wọ́n kéde pé kìkì akọ lọmọ irú abo bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà kò yí jíìnì padà, àwọn ọmọ ọ̀hún kò sì gba abẹ́rẹ́ kankan.

Ìdí ni pé ara ìyá edé ni ohun tó ń ṣẹ̀dá abo ti ń wá. Akọ tá a sọ di abo kò ní in lára, ibo lọmọ fẹ́ ti rí i? Lọ́dọ̀ àwa èèyàn, ara bàbá lohun tó ń pín akọ àti abo ti ń wá, síbẹ̀ ìyàwó là ń bínú sí bó bá ń bí obìnrin ṣáá. Ẹ̀yin àgbà, ẹ dárí jì mí.

Ẹ̀rù kan ń bà mí o. Edé Éṣíà ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ wá ra ọmọ rẹ̀ sìn, ẹ rọra. Àgbàrá òjò kan ló máa gbé e kúrò nínú adágún bọ́ sínú ọ̀sà, yóò sì máa bá tiwa du oúnjẹ. Tiwa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Macrobrachium vollenhovenii, wà láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, dáàmù Diama tí wọ́n parí ní 1986 dínà mọ́ edé yìí, ìgbín omi tó ń gbé àrùn títọ ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ìwádìí tó jáde ní 2015 fi hàn pé àrùn náà dín kù ní abúlé tí wọ́n ti dá edé padà sódò, torí edé ń jẹ ìgbín.

Ìjọba Èkó àti ti Ògùn, etí omi wà níkàáwọ́ yín. Ibi tí omi òkun ti pàdé omi odò ló yẹ kí ilé tí wọ́n á ti máa pa ẹyin edé wà, káwọn àgbẹ̀ lè máa ra ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ra ọmọ àrọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ọmọ edé rà ná, ká tó wá máa béèrè akọ nìkan.