ÒFIN KAN FÚN TÁLÁKÀ, ÒMÍRÀN FÚN OLÓWÓ?

Ọ̀rọ̀ yìí á dun àwọn kan, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń dun àwa náà.

A ò sọ pé kí ìjọ má lófin. Ẹgbẹ́ onímọ́tò lófin, ọjà lófin, alájọ pàápàá lófin. Ibi tí òfin ò bá sí, ẹni tó lágbára jù ló máa jọba níbẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé: ta ni òfin yín ń mú?

Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ìjọ. Aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 10, ọ́ṣà ti ti ilẹ̀kùn. Ìyá ẹlẹ́kọ tó wẹ ọmọ mẹ́rin kó tó fẹsẹ̀ rìn wá, ìta ló máa dúró sí. Aago 10, mọ́tò ńlá wọlé. Ọ́ṣà kan náà ló sáré ṣílẹ̀kùn, tó bá ọ̀gá gbé Bíbélì dé ìjókòó iwájú! Ṣé a ò ka Jakọbu orí 2 ni, ibi tó ti sọ̀rọ̀ olówó tó wọ òrùka wúrà wá sínú ìjọ?

Àwa náà jẹ̀bi. Ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa lóyún kó tó ṣègbéyàwó. A pè é síwájú ìjọ, a gba aṣọ akọrin lọ́wọ́ rẹ̀, a fi í sí ìjókòó ẹ̀yìn fún oṣù mẹ́ta. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún ńkọ́? Bàbá rẹ̀ ló ra jẹnẹrétọ̀ fún ìjọ. Inú ọ́fíìsì la ti rọra bá a sọ̀rọ̀. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó ń lu ìlù níwájú pẹpẹ. Ọmọbìnrin yẹn ò padà wá mọ́. Òfin kọ́ ló lé e lọ. Àwa la lé e, nítorí owó.

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, tí a bá bá olówó wí, á lọ." Kó máa lọ! Natani kò wo ojú Dafidi ọba. Pọ́ọ̀lù bá Pétérù wí ní Áńtíókù lójú gbogbo ènìyàn. Élì ní tirẹ̀ kàn fẹnu lásán bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí, ó fi wọ́n sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ àlùfáà. Ọjọ́ kan náà ni Hofini àti Finehasi kú.

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Nínú ilé Ọlọ́run, èèkù gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ gbẹ́. Nínú ìjọ tiwa, láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá pẹ́, ẹ̀yìn ló máa jókòó sí, pásítọ̀ pàápàá. Ẹni méjì tó bá jọ ṣẹ̀, wọ́n á jọ gba ìbáwí ni, láìdójú ti ẹnikẹ́ni. Òfin tí a ò bá lè fi mú ọmọ pásítọ̀, ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́.

A ti lọ sílé ọmọbìnrin yẹn lẹ́ẹ̀mejì láti tọrọ àforíjì. Ìyá rẹ̀ ò ṣílẹ̀kùn fún wa. A ò bá a jà, a ó tún lọ.

Kí Olúwa gba ìjọ Rẹ̀ lọ́wọ́ ojúsàájú. Ẹ ṣe Àmín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí pásítọ̀ yín.